Ṣé eku ń sọ fún eku pé májèlé wà nínú oúnjẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Gàrí ni mò ń tà ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mò ń kó àpò sí, eku ò sì jẹ́ kí n gbádùn níbẹ̀. Mo ra oògùn eku, mo pò ó mọ́ ẹja gbígbẹ. Mẹ́ta kú lóru ọjọ́ kìíní. Láti ìgbà náà, wọn ò fẹnu kàn án mọ́. Àwọn ọmọ eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde gan-an kì í sún mọ́ ọn! Ìyá tí ṣọ́ọ̀bù wọn kángun sí tèmi ní èmi ni mo fà á, pé mo pe orúkọ oògùn létí eku. Ṣé òótọ́ ni? Àbí wọ́n ń sọ fún ara wọn ni? Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Alágàrí

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi rárá. Òótọ́ ni pé etí eku mú ju tiwa lọ. Ó ń gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín débi pé etí èèyàn ò lè gbà á. Ṣùgbọ́n eku ò gbọ́ Yorùbá, áḿbọ̀ǹtorí ti Ìjẹ̀bú tí ará Ọ̀yọ́ pàápàá kì í gbọ́ tán. Ọgbọ́n tí wọ́n dá fún yín yàtọ̀ sí ti etí. Ìmọ̀ ẹranko ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ọdún tí n kì í sọ ìtàn yìí fún wọn.

Eku kì í lè bì. Ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìfura ló wá fi ń ṣọ́ra rẹ̀: bó bá rí oúnjẹ tí kò mọ̀ rí, á tọ́ díẹ̀ wò, á sì kúrò níbẹ̀. Bí inú bá wá ń run ún lẹ́yìn náà, ohun tó ní adùn yẹn ti di èèwọ̀ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kú jẹ àjẹyó. Àwọn tó tọ́ ọ wò, tí inú run, tí wọn ò kú, ni ẹ ń bá jà báyìí.

Ṣé wọ́n wá lọ kìlọ̀ fún àwọn yòókù? Bennett Galef, ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó rí sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Bí eku bá jẹun dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Òórùn oúnjẹ náà á pò mọ́ afẹ́fẹ́ kan tó máa ń wà nínú èémí eku, carbon disulphide ni wọ́n ń pè é, ìyẹn á sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ti jẹ irú èyí. Oúnjẹ yẹn gan-an ni wọ́n á máa wá kiri. Wọ́n wá mú eku tó jẹun tán, wọ́n jẹ́ kó ṣàìsàn, kódà wọ́n lo èyí tó dákú lọ gbọnrangandan. Àwọn tó gbóòórùn ẹnu rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ohun tó jẹ! Nítorí náà, eku kì í kìlọ̀ májèlé fún eku. Ohun tí wọ́n ń kọ́ lára ara wọn ni ohun tó ṣeé jẹ.

Kí ló dé tí àwọn ọmọ ò wá jẹ ẹ́? Onímọ̀ kan ní Jámánì, Steiniger, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1950 pé bí wọ́n bá ń lo májèlé kan náà níbì kan náà fún ìgbà pípẹ́, á ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀rẹ̀, á sì dòfo lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, torí àwọn ọmọ tí àwọn tó yè bí kì í tọ́ ọ wò rárá. Galef rí ìdí rẹ̀. Adùn ohun tí ìyá jẹ wà nínú ọmú tí ọmọ ń mu. Bó bá ń jáde, ibi tí àwọn àgbà ti ń jẹun ló ń lọ. Oúnjẹ àwọn àgbà nìkan ló mọ̀, ohun tí kò bá sì mọ̀, ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ta ló jókòó kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bí a ṣe ń fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́? Bó ṣe dáyé ló bá a nínú ilé. (Ní Ísírẹ́lì, àwọn eku kan ń gbé inú igbó igi páìnì, wọ́n ń bó èso rẹ̀ láti ìdí lọ sókè. Ọmọ tí kò bá dàgbà lọ́dọ̀ ìyá tó mọ̀ ọ́n bó, agbára káká ni á fi mọ̀ ọ́n.)

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ pa ẹja gbígbẹ tì, ó ti bàjẹ́ lójú wọn. Gàrí yín sì ni ìkọ́kọrẹ́ tiwọn; níwọ̀n ìgbà tó bá ń dà sílẹ̀, kò sí ìjẹ tó lè bá a dù ú. Ẹ kó o sínú dúrọ́ọ̀mù onídèérí, kí àpò tó kù wà lórí pákó, kó jìnnà sí ògiri. Ihò tó bá gba àtàǹpàkò ti gba eku, nítorí náà, sìmẹ́ńtì àti àfọ́kù ìgò ni kí ẹ fi dí i.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, pàkúté ni kí ẹ lò. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ sí i, kí ẹ má dẹ ẹ́ fún bí òru mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ fàlàlà. Lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ púpọ̀ lóru kan ṣoṣo, lẹ́bàá ògiri. Bí ẹ bá tún fẹ́ lo oògùn, ìta ni, nínú àpótí tí ọmọdé àti adìẹ ò lè ṣí. Ẹ ra èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọjọ́ mélòó kan ni kó tó pa á, eku ò sì ní í mọ̀ pé oúnjẹ yẹn ló ń ṣe òun. Á ti délé kí àwọn yòókù gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kí àwọn náà wá jẹ. Ọ̀tapíápíá? Ẹ má jẹ́ kó dé ibi tí gàrí wà láéláé.

Èyí tó kan ẹ̀mí: ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ lọ́dún 1969, tó gba orúkọ ìlú Lassa ní Borno, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ti ń wá. Gàrí Ìjẹ̀bú sì rèé, omi tútù la fi ń mu ún, iná ò tún ní í kàn án. Àpò tí ẹ bá ti rí ìgbẹ́ eku nínú rẹ̀, ẹ má kù ú tà, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹ má gbá ìgbẹ́ náà ní gbígbẹ. Ẹ fi omi bílíìṣì rin ín, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó nù ún.

Kí ẹ sì bá ìyá tó kángun sí yín sọ ọ́, kí ẹ jọ ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá dí ihò tiyín nìkan, ọ̀dọ̀ wọn ni eku á máa sùn, á sì máa wá jẹun lọ́dọ̀ yín. Ẹ lè pe orúkọ oògùn náà ketekete bí ẹ bá ń sọ ọ́.