Wọ́n ṣì lè tún un gbẹ́jọ́ o: ẹ wò ó bóyá ìdájọ́ yẹn mẹ́nu kan ẹ̀rí

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ti fagi lé ẹ̀bi tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá ọkọ yín, torí pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan pamọ́, ẹ wá ń béèrè bóyá wọ́n ṣì lè tún un gbé dé kóòtù. Wọ́n lè gbé e. Lóòótọ́, Àtúnṣe Karùn-ún nínú òfin ilẹ̀ wọn ní wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀sùn kan náà gbẹ́jọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ láti 1896 ni wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó bá borí ní kòtẹ́milọ́rùn torí pé ìgbẹ́jọ́ lábùkù, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ Brady ti 1963, tó ka fífi ẹ̀rí pamọ́ léèwọ̀, ìgbẹ́jọ́ tuntun ló sábà ń fúnni.

Ojú mi rí nǹkan lórí ẹjọ́ àbúrò mi. Lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn, agbẹjọ́rò ìjọba yíjú sí àwọn júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń pinnu bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, ó ní tọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí bá mọ́, kí ló dé tí kò jáde wá sọ tẹnu ẹ̀? Èèwọ̀ ni; olùjẹ́jọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Agbẹjọ́rò wa fò dìde, ó ní kí adájọ́ da ìgbẹ́jọ́ náà nù, adájọ́ sì gbà. Ìyá wa bú sẹ́kún ayọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú ọjọ́ tuntun fún ìgbẹ́jọ́ míì. A ní ìjọba ló dá a rú, kò gbọdọ̀ jèrè ẹ̀. Adájọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹjọ́ Oregon v. Kennedy ti 1982 gbé ka iwájú òun: ṣé ńṣe ni ọkùnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín lè ní ká da ìgbẹ́jọ́ nù? Ta ló fẹ́ rí inú ẹni? Agbẹjọ́rò ìjọba náà tún táì ẹ̀ ṣe, ó ní ọ̀rọ̀ ló gbóná, ahọ́n òun ló yọ̀. Adájọ́ gbà á gbọ́! Kennedy alára, olùjẹ́jọ́ inú ẹjọ́ 1982 yẹn, agbẹjọ́rò ìjọba pè é ní oníjìbìtì lójú júrì, síbẹ̀ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ìgbẹ́jọ́ kejì kò burú.

Ohun tó lè gbà yín ni ẹjọ́ Burks ti 1978: bí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn bá ní ẹ̀rí ìjọba ò tó láti dá a lẹ́bi, ó parí nìyẹn. Àmọ́ ìwàkíwà ìjọba ni àwọn agbẹjọ́rò máa ń pariwo, torí òun ló ń dùn létí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí á wá di ìpínrọ̀ méjì níparí ìwé. Tí ìdájọ́ yín ò bá sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kí agbẹjọ́rò yín ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Ọjọ́ 14 péré lẹ ní lẹ́yìn ìdájọ́ náà. Tí wọ́n bá tún fẹ́ gbẹ́jọ́, ẹ ta kò ó kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí adájọ́ bá kọ̀, ẹjọ́ Abney ti 1977 ní ẹ lè pe kòtẹ́milọ́rùn lójú ẹsẹ̀.

Ká ní kóòtù ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni, ọ̀rọ̀ ì bá dẹ̀ díẹ̀, torí láti 2020 ni ìwà àìbìkítà agbẹjọ́rò ìjọba pàápàá ti lè dí ìgbẹ́jọ́ kejì lọ́nà níbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ìpínlẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ kan náà pè é lẹ́jọ́ lọ́tọ̀ o. Ẹjọ́ Gamble ti 2019 tún fọwọ́ sí i.

Ṣé wọ́n ti fún un ní béèlì, àbí ó ṣì wà látìmọ́lé? Tó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ yìí lórí fóònù wọn. Wọ́n ń gbà á sílẹ̀.