Àìsàn Ló Ṣáájú Ni, àbí Àìgbàgbọ́?

Mo ka ìbéèrè yín nípa àbúrò yín ọkùnrin tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tó ń fi ọ̀sán sùn, tí kì í jẹun kánú, tó sì ti sọ fún ìyá yín pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ẹ ní àwọn ẹbí yín ní Ìjẹ̀bú-Òde ti fẹnu kò pé àìgbàgbọ́ ló ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, àti pé bí ẹ kò bá tètè fà á padà, oògùn olóró tàbí iṣẹ́ Yahoo ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti wà nípò àbúrò yín rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáhùn.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí èyí tó ṣáájú. Lọ́dọ̀ tèmi, àìsàn ló ṣáájú. Ọmọ Ṣàgámù ni mí, olùkọ́ ìṣirò, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré. Ìgbàgbọ́ mi kò tíì yẹ̀ rárá nígbà tí oorun bẹ̀rẹ̀ sí í dá lójú mi láàárín òru, tí oúnjẹ kò wù mí í jẹ, tí mo máa ń dúró níwájú pátákó tí ìṣirò tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ yóò sì di àjèjì sí mi. Mo ń kọrin ìyìn lọ́jọ́ Ìsinmi, n kò sì mọ ohun kan lára. Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìpàdé akọrin jẹ, nítorí pé wíwẹ̀ àti wíwọṣọ ti di iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó ń wòran láti ìta yóò sọ pé ìgbàgbọ́ mi ti tutù, bẹ́ẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn ni kò jẹ́ kí n lè dìde. Yíyẹra fún ènìyàn, àti kí ohun tó ń wu ni tẹ́lẹ̀ má wu ni mọ́, wà lára àmì àìsàn náà gan-an. Ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀ṣì tí àbúrò yín kò lọ mọ́ jẹ́ àmì, kí ó má jẹ́ orísun. Ẹ bi ara yín bóyá ó ṣì ń lọ wo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti fi ìyẹn náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ nìyẹn.

Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kó gbààwẹ̀! Lẹ́yìn náà wọ́n mú mi lọ sí ilé àdúrà kan, mo sùn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kàn mí, ṣùgbọ́n mo rí àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, pé wọ́n ń de àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, ní ibùdó ìjọba, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí, kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá gbé mi kúrò, tó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Oògùn tí wọ́n fún mi kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan; ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ènìyàn tó rí ìyàtọ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń dá a dúró kí ìgbà náà tó pé. Mo fara dà á, ara mi sì yá. Onígbàgbọ́ ni mí ní gbogbo àkókò yìí. Ìgbàgbọ́ mi lọ lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, nípa ìwé kíkà àti ìbéèrè tí n kò rí ìdáhùn sí. Ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ tiyín.

Ohun kan wà, síbẹ̀, tí àwọn tó ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀ bí tèmi kì í fẹ́ gbọ́. Àìsàn náà tún padà dé lẹ́yìn tí mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló gbọ́wọ́ kúrò lára mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí mo bá pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, ẹnì kan yóò ti kan ilẹ̀kùn mi, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ náà yóò sì ti gbé ìkọ́kọrẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọn kì í bi mí léèrè bóyá mo nílò nǹkan, wọ́n á kàn jókòó. Lẹ́yìn tí mo kúrò, fóònù mi dákẹ́. Àwọn tí a jọ ń kọrin yóò rí mi ní ọjà, wọn yóò kí mi bí ẹni tó ń kí aláìsàn tó ń ran ni, wọn yóò sì kọjá. Mo lè ti ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ Ẹtì kí n má gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ajé. N kò mọ ẹni tí kò ní ṣàìsàn nínú irú ìdáwà bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó.

Àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2010, Chaeyoon Lim àti Robert Putnam tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ará Amẹ́ríkà: wọ́n rí i pé àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì déédéé ní ìtẹ́lọ́rùn ju àwọn tí kì í lọ, ṣùgbọ́n pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní nínú ìjọ ló fà á, ẹni tó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀ kò sàn ju ẹni tí kì í lọ. Ní ọdún 2016, Tyler VanderWeele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn obìnrin nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà pé àwọn tó ń lọ sí ìsìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kì í sábà gba ẹ̀mí ara wọn. Ìyàtọ̀ náà tó ìlọ́po márùn-ún. Ẹ má fi ojú kékeré wo èyí, èmi náà kò fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n lílọ síbi ìsìn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ohun tí ọkàn gbà gbọ́. Bákan náà, nígbà tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, Dókítà Adeoye Lambo fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ibẹ̀ ká, pẹ̀lú ìbátan kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́jú wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. (Ẹ má bínú pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni mo ti mú àpẹẹrẹ.) Dókítà tó mọ iyì oògùn ni, ó sì mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó.

Tèmi, inú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni mo ti rí ènìyàn padà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá mi, àwọn ẹbí rẹ̀ ló fà mí wọ ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí mi. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, gbogbo wa la sì jọ ń lọ kí ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúde Ọba. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ohun tí mo gbà gbọ́ rí. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń béèrè, ìyẹn ni wọn kì í sì í gbàgbé.

Ní ti pé aláìgbàgbọ́ yóò di oníwà ìbàjẹ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìjẹ̀bú mọ̀ pé Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà, ẹ sì mọ Tai Solarin, olùkọ́ tí kò fi àìgbàgbọ́ rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, tó kúrò ní Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó fi ṣe ẹ̀rí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Denmark àti Sweden, níbi tí àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kò pọ̀, tí ìpànìyàn sì kéré púpọ̀. N kò sọ pé àìgbàgbọ́ ló tún ibẹ̀ ṣe. Àlàyé àwọn onímọ̀ méjì, Pippa Norris àti Ronald Inglehart, ló wọ̀ mí létí jù, pé níbi tí ọkàn ará ìlú bá ti balẹ̀ nípa oúnjẹ, ìwòsàn àti ọjọ́ ogbó, ìdí tí wọ́n fi ń sá tọ ẹ̀sìn máa ń dín kù. Ní ti Yahoo tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ rántí pé àwọn ọmọ Yahoo Plus kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Wọ́n gbà gbọ́ jù ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá oògùn owó kiri.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n yẹ ara àti ọpọlọ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí Àró, ẹ lọ, kì í ṣe ìtìjú. Ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ro ikú, nítorí pé ìbéèrè náà kì í fi èrò ikú sí ẹni lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kí ẹnì kan máa lọ jókòó tì í láìjẹ́ pé ó fẹ́ wàásù fún un. Ọ̀rọ̀ bóyá Ọlọ́run wà lè dúró di ìgbà tó bá ń sùn tó sì ń jẹun padà. Ìyá yín lè máa gbàdúrà fún un. Kò sí dókítà tí yóò dá a lẹ́kun, bí kò bá ṣá ti ní kí ó gbààwẹ̀ tàbí kí ó da oògùn rẹ̀ nù.