Ṣé Kí N Yọjú sí Ọmọ Tó Jà Mí Lólè?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹkárá ni mo ń tà ní Ìdí-Òro, ní Mùṣin. Lóru ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ tẹ ọmọ ọdún 14 kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú fèrèsé ló gbà wọlé. Àwọn tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ níta ti sá lọ. Àwọn èrò ti gbé táyà dé kí n tó dí wọn lọ́nà. Mo mọ ọmọ náà, ọmọ ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa ni kó tó sá nílé. Ó wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá báyìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà ní bí mo bá yọjú síbẹ̀, olè ni mò ń gbè lẹ́yìn. Owó tí mo yá ni mo fi ra ọjà tó lọ yẹn o. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Aláǹkárá

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláǹkárá, ẹ kú àdánù ọjà. Ẹ sì ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n ṣáná sí táyà yẹn.

Ta ló mú ọmọ náà wá sí Èkó? Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi àti irú ọmọ báyìí la jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kóòtù, ìtàn wọn sì jọra débi tó fi ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní yóò lọ síléèwé, ìyá rẹ̀ bá gbà. Ó dé Èkó, ó ń pọnmi láàárọ̀, ó ń kiri píọ̀ wọ́tà ní Ojúẹlẹ́gba lọ́sàn-án. Bí owó bá dín, wáyà ni wọ́n fi ń nà án. Lọ́jọ́ tó sá, abẹ́ bíríjì ló forí lé. Bọ̀dá kan níbẹ̀ fún un lóúnjẹ, ó fún un ní kólórádò, oògùn olóró kan, fà, ó jẹ́ kó rí ibi sùn. Ìgbà tó yá ló wá sọ iye tó gbọ́dọ̀ máa mú wá lálaalẹ́. Ọmọ tín-ín-rín ni wọ́n ń wá, torí òun ni ojú fèrèsé gbà. Ẹ wo lẹ́tà yín gan-an: ta ló wà lágọ̀ọ́, ọwọ́ ta sì ni ẹrù yín wà?

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó bá adìẹ wí. Ọmọ náà jalè, mi ò sọ pé kò jalè. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ti ṣẹ̀ ẹ́ kó tó ṣẹ̀ yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kọ̀ kí wọ́n fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ẹni tó bá sì fi ọmọdé jalè lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2007. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kóòtù ìdílé ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ rán an lẹ́wọ̀n.

Nítorí náà, ẹ lọ. Ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Mo ti rí ọmọ ọdún 14 tí ìwé pè ní 19, tí wọ́n tì mọ́lé pẹ̀lú àwọn géńdé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ kò ṣeé kọ síbí. Ẹ gba nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò yín, kó fi ìwé ìbí tàbí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n pe wẹ́fíà. Ẹ tún lọ sí OPD, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń gbẹjọ́rò fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Owó yín ńkọ́? Ẹ kọ gbogbo ọjà tó lọ sínú sítétímẹ́ǹtì yín, ẹ má dín in. Ọmọ yẹn lè mọ ibi tí bọ̀dá ń kó ẹrù olè lọ. Kò ní sọ ọ́ fún ẹni tó ń nà án, ó lè sọ ọ́ fún ẹni tó fara balẹ̀ jókòó tì í. Mi ò lè ṣèlérí pé ẹrù yóò padà o.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò sọ nínú lẹ́tà yín: ṣé aládùúgbò yín ti mú ọmọ mìíràn wá? Bó bá ti mú un wá, ẹ sọ fún wẹ́fíà lọ́jọ́ kan náà.