Nígbà tí òbí bá ń bú rẹfirí létí pápá bọ́ọ̀lù Gaelic

Ìbéèrè: Drogheda, ní Ireland, ni a ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ń gbá bọ́ọ̀lù Gaelic, eré ilẹ̀ Ireland tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí n máa wá ṣe maor, ìyẹn amójútó èrò, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀wù àwọ̀lékè tó ń kọ mànà ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, wọn ò kọ́ mi ní nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan bú rẹfirí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa ni rẹfirí náà. Nígbà tí eré parí, bàbá yìí tún tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo kàn dúró ni. Àlejò ni mí nínú eré yìí, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo wá ń kọ́ onílé ní ìlò ilé rẹ̀. Kí ni mo láṣẹ láti ṣe gan-an? — Ìyá Tòní

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Tòní. Àṣẹ tí ẹ ní pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àmọ́ ẹ má fi ẹnu bàbá yẹn ṣe iṣẹ́ yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó bá dúró síbi tó jìnnà díẹ̀, ariwo rẹ̀ á mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá sún mọ́ rẹfirí débi pé wọ́n lè wo ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ tí kò ní í lè kó jẹ ló máa ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Eré yìí ní ìwà tirẹ̀. GAA, ẹgbẹ́ tó ni bọ́ọ̀lù Gaelic, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Thurles ní 1884, kì í ya èrò ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìlú Ọba. Kódà ní Croke Park ní Dublin, tó ń gba èrò 82,300, tọ̀tún tòsì ló ń jókòó pọ̀. Agbábọ́ọ̀lù kì í gba owó oṣù. Rẹfirí náà kì í gbà á, owó ọkọ̀ àti ìnáwó kéékèèké ni wọ́n ń san fún un. Ẹni tó ń bú u lè jẹ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ àti àbúrò rẹfirí jọ ń lọ sílé ìwé kan náà. Nítorí náà, a kì í to ọlọ́pàá yí pápá ọmọdé ká. Ojúlùmọ̀ ni wọ́n fi ń ṣàkóso rẹ̀, bí ìtìjú ojúlùmọ̀ bá sì tán lójú ẹnì kan, ẹ̀yin tí ẹ wọ ẹ̀wù yẹn ló kù láàrin òun àti rẹfirí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Louth, àgbègbè tí Drogheda wà, á ti gbọ́ ti 2010. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún yẹn, Louth ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ife Leinster, ti ẹkùn ìlà-oòrùn Ireland, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1957, kí rẹfirí tó fọwọ́ sí gọ́ọ̀lù kan tí Meath, àgbègbè tó múlé gbè wọ́n, gbá ní ìparí eré, gọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó wọlé. Meath borí, 1-12 sí 1-10. (Bọ́ọ̀lù tó wọ inú àwọ̀n ni gọ́ọ̀lù, èyí tó gba òkè ọ̀pá ìdábùú kọjá láàárín òpó méjì ni póńtì. Gọ́ọ̀lù ló ń ṣáájú, póńtì ló ń tẹ̀ lé e. Gọ́ọ̀lù kan jẹ́ póńtì mẹ́ta, ìyẹn 15 sí 13.) Bí fèrè ti dún, àwọn alátìlẹ́yìn ya wọ pápá, àwọn kan nínú wọn sì kọlu rẹfirí, àwọn ọlọ́pàá ló sìn ín jáde. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé ògiri ìdènà síwájú Hill 16, ibi tí èrò ti ń dúró wòran ní Croke Park. Ní 2022, ní Roscommon, wọ́n lu rẹfirí níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ títí ó fi dèrò ilé ìwòsàn. Àwọn rẹfirí agbègbè náà kọ̀, wọn ò jáde lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n sì sún àwọn ìdíje síwájú.

Ẹ wo ohun tó so méjèèjì pọ̀ mọ́ tiyín. Èébú máa ń dún nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, àmọ́ ẹ̀yìn fèrè ìkẹyìn ni wàhálà gidi, lójú ọ̀nà tí rẹfirí ń gbà láti àárín pápá dé yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Bàbá tí ẹ ròyìn yẹn kò ṣe ju kó tẹ̀ lé e lọ, àmọ́ ojú ọ̀nà yẹn gan-an ló ti ṣe é.

Iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí kí rẹfirí tó ju bọ́ọ̀lù sókè. Ẹ na okùn sí ẹ̀gbẹ́ kan pápá, mítà méjì sí ìlà, kí ẹ sì fi èèkàn dì í mú. Gbogbo òbí, ẹ̀yìn okùn. Àwọn kóòṣì àti àwọn ọmọ tó ń dúró de àǹfààní láti wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí òbí kankan dúró lẹ́yìn gọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ìdí gọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní olùṣọ́ òpó méjì. Ní ìdíje àgbà, ẹ̀wù funfun ni wọ́n ń wọ̀, rẹfirí fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń kó wọn wá, ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan rẹ̀. Ní ti ọmọdé, òbí ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń gbé àsíá funfun fún póńtì, àwọ̀ ewé fún gọ́ọ̀lù. Àwọn òpó náà ga ó kéré tán mítà 7, àlàfo àárín wọn jẹ́ mítà 6.5. Bí ọmọ bá ta bọ́ọ̀lù tó ga ju orí òpó lọ, kò sí ohun tí ojú lè fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó wà nídìí òpó tó gbójú sókè nìkan ló lè mọ̀ bóyá ó gba àárín kọjá. Ẹni tó dúró létí ìlà, mítà 40 síbẹ̀, á búra pé ó wọlé, ẹnìkejì rẹ̀ lódìkejì á búra pé kò wọlé, àwọn méjèèjì kò sì purọ́. Croke Park ti ní ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò láti 2013. Pápá tiyín kò ní in. Bí òbí bá wá wà lẹ́yìn gọ́ọ̀lù, òun àti olùṣọ́ òpó, tí í ṣe òbí bíi tirẹ̀, yóò máa jiyàn ní ìwọ̀n apá kan síra wọn.

Ohun kejì tí wọ́n ń pariwo lé lórí ni ìṣísẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ gbé bọ́ọ̀lù ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ kó tó gbá a mọ́lẹ̀ tàbí kó fi orí ẹsẹ̀ ta á padà sọ́wọ́ ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra. Ẹ gbìyànjú láti ka ìṣísẹ̀ ọmọ tó ń sáré, kí ẹ wo bí ẹ ó ṣe ṣì í kà. Gbogbo òbí ló ń kà á, ti ọmọ ẹlòmíràn sì ni wọ́n máa ń kà jù. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Láti 2025 ni òfin tuntun ti dé sínú bọ́ọ̀lù àwọn àgbà: bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ta láti ẹ̀yìn ìlà mítà 40 di póńtì méjì, bí agbábọ́ọ̀lù bá sì bá rẹfirí ṣawuyewuye, wọn á gbé bọ́ọ̀lù sún síwájú ní mítà 50 fún ẹgbẹ́ kejì. Òbí tó wo ti àgbà lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ Sátidé á wá máa bèèrè irú rẹ̀ fún ọmọdé láàárọ̀ Àìkú. Kí kóòṣì fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé òfin tí wọ́n fẹ́ lò fún àwọn òbí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gba ariwo púpọ̀ kúrò nílẹ̀.

Ó wá kan bàbá tó ń bú rẹfirí. Kì í ṣe gbogbo igbe lẹ ó dá sí. Ẹni tó bá kàn ké “Áà, rẹfirí!” lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbéra bó bá bú ènìyàn fúnra rẹ̀ dípò ìdájọ́ rẹ̀, bó bá pariwo mọ́ ọmọ èyíkéyìí, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọjá okùn. Ẹ má dúró de ìgbà kẹta.

Ẹ má kọjú sí i. Ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èjìká sí èjìká, kí ẹ̀yin méjèèjì máa wo pápá. Bí ẹ bá kọjú sí i, ẹ ti fún un ní àwùjọ tó máa ṣe eré fún, gbogbo ojú á sì yí sí yín. Ẹ sọ̀rọ̀ ní ohùn tó rẹlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, òun náà á ní láti rẹ ohùn sílẹ̀ kó tó gbọ́ yín. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni kí ẹ pè é, bó tilẹ̀ ju yín lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń wúwo lẹ́nu ọmọ Yorùbá, àmọ́ nílẹ̀ Ireland, ẹ máa dà bí aṣojú ìjọba bí ẹ bá fi “Ọ̀gbẹ́ni” bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ ó sọ kò pọ̀: àwọn ọmọ ń gbọ́, ọ̀dọ́ ni rẹfirí, ẹ bá mi ká lọ sọ́hùn-ún. Kí “ọ̀hùn-ún” yẹn jẹ́ ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tó wà. Bó bá ti rìn, ìbínú rẹ̀ ti já.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì dá sí bóyá rẹfirí tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, kódà bí ẹ bá rí i kedere pé ó ṣì í. Bí ẹ bá ti gbà pé lóòótọ́ ni, ẹ ti di ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí ẹ bá sì sẹ́, ẹ ti di ọ̀tá rẹ̀.

Bí kò bá gbọ́, ẹ má dá nìkan ṣe é. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì, kóòṣì tiwọn ni kí ẹ pè. Kò ní kọ̀ ọ́, nítorí ìwé òfin GAA sọ pé ẹgbẹ́ ló máa dáhùn fún ìwà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí ayé mọ̀ sí alátìlẹ́yìn rẹ̀. Ìyà tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bẹ̀rẹ̀ láti owó ìtanràn, ó sì lè dé orí pípàdánù ìdíje. Rẹfirí pẹ̀lú láṣẹ láti dá eré dúró títí ẹni náà yóò fi kúrò, bó bá sì le jù, ó lè pa á tì. Àwa tí ń ṣètò èrò fẹ́ràn kí ó dá a dúró ní kíákíá. Bí eré bá dúró ìṣẹ́jú kan, ojú àwọn òbí yòókù á yí sí bàbá yẹn, ìtìjú tó ti tán lójú rẹ̀ á sì padà.

Ní ti ọlọ́pàá, nọ́ńbà 999 tàbí 112 ni. Ẹ pè wọ́n bó bá dẹ́rù ba ènìyàn, bó bá gbá ènìyàn, tàbí bó bá kọ̀ láti kúrò lẹ́yìn tí alákòóso ẹgbẹ́ ti ní kó lọ. Òfin 1994 lórí ìwà níta gbangba ka ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ àti èébú tó lè dá rúgúdù sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fún ọlọ́pàá láṣẹ láti lé ènìyàn kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá sọdá ààlà sí Newry, ní Northern Ireland, òfin tibẹ̀ yàtọ̀, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ sì yàtọ̀.

Ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré tó parí, kí maor méjì ti wà ní sẹpẹ́. Ọ̀kan á rìn lọ bá rẹfirí ní àárín pápá bí fèrè bá ti dún, á sì bá a rìn bọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ. Èkejì á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kí ọkọ̀ rẹfirí ti wà nítòsí, kí imú rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Òbí tó bá ní ẹjọ́ rò, akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí, bó bá di ọjọ́ kejì. Púpọ̀ nínú wọn kì í kọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sùn jí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó délé: aago mélòó, níbo, ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde gan-an, ta ló gbọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan fún akọ̀wé, ẹ̀dà kejì fún ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé nínú ẹgbẹ́ yín, gbogbo ẹgbẹ́ GAA ló gbọ́dọ̀ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ èébú àwọ̀ ara ni, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ má pọ̀ ọ́ mọ́ ariwo lásán, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró ni lójú GAA. Àmọ́ ẹ má gbé fídíò rẹ̀ sórí WhatsApp o. Ojú ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń ṣe ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́, tí kò sí òbí tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ létí pápá rárá. Ó máa ń dùn ún wò, àwọn ọmọ náà sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Lójú tèmi, ó dára fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n okùn àti èèkàn ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ẹ bèèrè wọn lọ́wọ́ alákòóso ẹgbẹ́ kí Sátidé tó ń bọ̀ yìí tó dé, ẹ bèèrè maor kejì àti kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹfirí mọ́ ọn. Bí wọn ò bá rí i fún yín, ẹ dá ẹ̀wù wọn padà fún wọn.