Àbúrò mi, ẹ má tíì kó símẹ́ǹtì yẹn lọ

Àbúrò, o ní ẹ̀yin mẹ́fà láti Zaria fẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò Yobe lẹ́yìn Kérésì, níbi tí wọ́n ti fi òkìtì kan hàn yín tí bíríkì pupa ń yọrí níbẹ̀. O ní olówó kan ti ra ogún àpò símẹ́ǹtì sílẹ̀ kí ẹ fi gbé ògiri náà dìde, o wá ń béèrè bí ẹ ṣe máa yára wa á kí òjò tó dé. Ọkàn mi ò balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́, torí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an, ọwọ́ mi ti ṣe é rí.

Bíríkìlà ni bàbá mi n'Ífẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá wọn po símẹ́ǹtì. Nígbà tí mo dé Àríwá tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbà mí síṣẹ́, ojú bíríkìlà ni mo fi ń wo gbogbo nǹkan: ògiri tó bá sán, dí i, èyí tó bá ń mì, fi símẹ́ǹtì mú un. Níbi kan tí mi ò ní dárúkọ, a wú ògiri kan jáde tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kó o kúrò nínú iná. Ọ̀gá wa ní kí n fi símẹ́ǹtì dí àárín àwọn bíríkì rẹ̀ kó má baà wó. Mo ṣe é pẹ̀lú gbogbo ohun tí bàbá mi kọ́ mi, inú mi sì dùn. Òjò ọdún méjì rọ̀ sí i kí n tó padà débẹ̀. Símẹ́ǹtì mi wà níbẹ̀ digbí. Bíríkì ló ti lọ. Ojú wọn ti bó, ó ti di ìyẹ̀fun pupa sílẹ̀, ìlà símẹ́ǹtì nìkan ló yọ síta gbagidi bí afárá tí wọ́n ti fún oyin rẹ̀ tán. Mo jókòó ti ògiri yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ ohun tó fà á. Bíríkì àtijọ́ rọ̀ ju símẹ́ǹtì lọ, ó sì ń mu omi. Omi inú ilẹ̀ máa ń gun ògiri, iyọ̀ inú ilẹ̀ á sì bá a gòkè. Bó bá jẹ́ amọ̀ ló wà láàárín bíríkì, ibẹ̀ lomi á gbà jáde. Iyọ̀ á jẹ amọ̀, èèyàn á ha amọ̀ yẹn dànù, á fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n omi kì í rí ọ̀nà gba inú símẹ́ǹtì. Ojú bíríkì nìkan ló kù fún un. Bí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́, iyọ̀ á dì sábẹ́ ojú yẹn, á máa wú, á máa tì í láti inú títí yóò fi bọ́. Símẹ́ǹtì tún máa ń gbé iyọ̀ tirẹ̀ wá. Mohenjo-daro ní Pakistan, ìlú tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ọdún 4000, iyọ̀ yìí náà ló ń jẹ bíríkì rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wú u síta ní àwọn ọdún 1920. Ilẹ̀ ló pa á mọ́ fún wọn ní gbogbo ọdún tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní ohun tí ẹ máa fi bo ohun tí ẹ bá ṣí, kó wà nílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe pé ẹ máa lọ wá a.

O ò sọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Òfin 1979 tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ohun àtijọ́, kò fàyè gba kéèyàn kàn máa walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Abuja níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì wádìí ọ̀nà dáadáa lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ìdí tí mo fi ń le mọ́ yín ni pé ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ yẹpẹrẹ. Agbègbè yẹn ni Ngazargamu wà, olú ìlú ìjọba Borno àtijọ́, tí Mai Ali Gaji (Mai ni wọ́n ń pe ọba wọn) tẹ̀ dó ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí àwọn ọba Borno sì jókòó sí fún ohun tó lé ní 300 ọdún kí àwọn ajagun Fúlàní tó fọ́ ọ ní 1808. Odi erùpẹ̀ tó yí i ká ṣì ga tó mítà méje láwọn ibì kan. Bíríkì sísun ni wọ́n fi kọ́ ààfin tó wà láàárín rẹ̀. Gambaru náà wà nítòsí, èyí tí ìtàn so mọ́ ìyá Mai Idris Alooma. Nígbà tí òyìnbó tó ń jẹ́ Denham kọjá níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, ògiri tó ga ju èèyàn lọ dáadáa ṣì pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó kù lónìí, òkìtì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibo ni ìyókù gbà? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọ ilé, ó wọ kànga. Ẹ má bú àwọn ará abúlé o. Òyìnbó tó ń ṣe ojú irin láti Lahore lọ sí Multan ní àwọn ọdún 1850 kó bíríkì Harappa, ìlú àtijọ́ mìíràn bíi Mohenjo-daro, sábẹ́ irin. N'Ífẹ̀ tiwa náà, orí àpáàdì tí àwọn baba ńlá wa tò sílẹ̀ la ti ń sáré nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó jẹ́ fún wa.

Ní ti wíwà á, ẹ má wa gbogbo rẹ̀. Ẹ fi péègì àti okùn pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ mú méjì péré nínú wọn, kí ẹ sì fi ògiri ilẹ̀ tí ẹ kò wà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ara ògiri ilẹ̀ yẹn lẹ ó ti máa ka ìtàn: eérú níbí, iyanrìn tí afẹ́fẹ́ gbé wá lókè rẹ̀, amọ̀ tó wó lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ bá wó o, kò sóhun tí ẹ máa fi jẹ́rìí.

Bíríkì tó bá wà nílẹ̀ gátagàta ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àwa máa ń kó o dànù pé pàǹtí ni. Ọkùnrin Kanuri àgbàlagbà kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Ògiri náà ṣubú lọ gbọọrọ ni, ó dojú bolẹ̀ láìtú ká. A gbá orí rẹ̀ mọ́, a ka ẹsẹ̀ bíríkì rẹ̀ láti ìdí dé orí, bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ bí ògiri yẹn ṣe ga tó nígbà tó wà lóòró. Ó ku díẹ̀ ká fi bárò kó ìmọ̀ yẹn dànù. Ọkùnrin yẹn náà ló kọ́ mi láti máa fi èékánná kan bíríkì. Èyí tó bá dún kìn-ín ṣì le. Èyí tó bá dún pọ̀ọ̀, inú rẹ̀ ti jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Bíríkì tútù, èyí tí wọn ò sun, ló máa ń ṣòro rí, torí àwọ̀ kan náà ni òun àti ilẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù, kí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ṣíbí bíríkìlà ha ojú ilẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí i, irú ike ìfọ́nmi tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò. Ẹ dúró. Bíríkì àti amọ̀ àárín rẹ̀ kì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà wọn á yọ síta lójú yín. Ẹ tètè yàwòrán rẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Èédú tí ẹ bá rí, ẹ má fọwọ́ lásán mú un, ẹ wé e sínú fóìlì, torí òun ló lè sọ ọjọ́ orí ibẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọn gbogbo rẹ̀ tán, ẹ bò ó padà. Ẹní koríko ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sórí bíríkì. Ẹ má lo láílọ́ọ̀nù, ó máa ń mú kí ilẹ̀ làágùn sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da iyanrìn tí ẹ ti fi asẹ́ sẹ̀ lé e, kí erùpẹ̀ ibẹ̀ tẹ̀lé e, kó ga bí ebè kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹ sọ ìdérí míńírà kan sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bò ó, kí ẹni tó bá wa á lẹ́yìn wa mọ ibi tí ọwọ́ tiyín dé. Bó bá pọn dandan kí ibì kan wà ní gbangba kí àwọn èèyàn lè rí i, amọ̀ àti koríko ni kí ẹ fi dé e lórí. Àwọn Hausa máa ń po omi èèpo èso igi igbá, igi tí à ń ṣe irú, mọ́ amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé, kí òjò má tètè fọ̀ ọ́. Ọdọọdún ni wọ́n máa tún un ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ bá Bulama, ìyẹn baálẹ̀ ibẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò máa ṣe é àti ohun tí wọ́n máa san fún un, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ Bulama, ẹ bi í pé kànga mélòó ló ń ya létí ní abúlé náà. Torí ibẹ̀ ni bíríkì òkìtì yẹn ń lọ. Kí ẹ wá padà sọ́dọ̀ olówó yín, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ fi ogún àpò símẹ́ǹtì yẹn ṣe òrùka kọnkéré fún kànga tó burú jù nínú wọn.