Bátìrì Tuntun Kì Í Gbé Bátìrì Àtijọ́ Dìde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ilé onítáyà àlòkù kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sí ìrìn-àjò. Inú rẹ̀ ni mo ń sùn, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ta ohun mímu tútù bí mo ṣe ń ná ọjà kiri láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìgbẹ́tì. Bátìrì onífóltì 12 méjì tó wà nínú rẹ̀ ti ń lọ sí ọdún márùn-ún, wọn kì í gbé fíríìjì di ọ̀gànjọ́ mọ́. Réwáyà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní Tákíé ní kí n ra tuntun méjì kún un, pé àwọn tuntun yóò máa ti àwọn àtijọ́ lẹ́yìn. Wáyà wo ni kí n rà tí a ó fi so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tí kò fi ní gbiná mọ́ mi lórí? (Ìyá ọlọ́jà kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìrìn. Wáyà lẹ béèrè, n ó sì dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ mo ń pa làpálàpá. Kò sí wáyà kan lọ́jà, bó ti wù kó nípọn tó, tó lè sọ ìsopọ̀ bátìrì mẹ́rin yìí di ohun tó dára. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Láti Arówómọlé títí dé iwájú LAUTECH ni àwọn ènìyàn ti ń gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ wá bá mi, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni wọ́n sọ fún gbogbo wọn: tuntun yóò gbé àtijọ́ dìde. Kì í ṣe òótọ́. Àtijọ́ ló ń wó tuntun lulẹ̀, owó ẹni sì ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Nínú bátìrì onífóltì 12 tí a fi òjé àti ásíìdì ṣe, yàrá kéékèèké mẹ́fà ló wà, èyí tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, fóltì méjì àti díẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Ìdí nìyí tí bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan, fi máa ń ka 12.6 tàbí 12.7 lórí mítà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun funfun kan máa ń gan mọ́ àwọn àwo òjé inú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gba iná dáadáa mọ́. Bátìrì tí wọ́n kọ 200Ah sí lára, èyíinì ni ìwọ̀n iná tó lè kó pamọ́, lè má gba ìdajì ìyẹn mọ́. Ohun funfun tó ti le koránkorán yìí kò ní yọ́ nítorí pé bátìrì tó lera wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá so wọ́n pọ̀ ní párálẹ́lì, èyíinì ni pósítíìfù sí pósítíìfù, nẹ́gátíìfù sí nẹ́gátíìfù, fóltì yóò dúró sí 12, ìwọ̀n iná tí wọ́n lè kó pamọ́ nìkan ni yóò ròpọ̀. Ẹ wò ó bí àmù mẹ́rin tí a fi ọ̀pá so nídìí: omi inú wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ń jò, omi àmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tibẹ̀ lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo bá kú nínú bátìrì àtijọ́, fóltì méjì ti lọ nìyẹn, yóò máa fà sí nǹkan bíi 10.5, àwọn tuntun yóò sì máa da iná sínú rẹ̀ tọ̀sán tòru, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò tan gílóòbù kankan. Ṣájà náà yóò máa wá fóltì 14.4 tí yóò fi mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kò ní rí i, kò sì ní yé da iná sí wọn. Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń gbóná, tó ń wú, tó sì ń rùn.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé mẹ́rin irú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kí a tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mo ti gbọ́ òórùn ẹyin òbu. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ti yọ síta bí ikùn aboyún, kò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Mo tú wọn kúrò lára ara wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo wá fi mítà wọ̀n wọ́n: àtijọ́ tó wú yẹn ń ka 10.4, àwọn tuntun méjèèjì, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó rà wọ́n, kò ju 11.6 lọ. Mo ṣáàjì àwọn tuntun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ wọn kò padà sí bí wọ́n ti wà. Ó dùn mí, nítorí owó oko ló fi rà wọ́n.

Ìsopọ̀ kejì, síríìsì, níbi tí pósítíìfù ọ̀kan ti ń lọ sí nẹ́gátíìfù èkejì, burú jù fún àdàpọ̀ àtijọ́ àti tuntun. Iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá, bí àwọn tó tò tí wọ́n ń ju búlọ́ọ̀kù sí ara wọn níbi ìkọ́lé. Aláìlera ló ń kọ́kọ́ rẹ̀, àwọn yòókù yóò sì máa fi agbára ti iná gba inú rẹ̀ lódìlódì. Lẹ́yìn ìyẹn, síríìsì yóò sọ fóltì yín di 24, bẹ́ẹ̀ 12 ni gílóòbù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú irú ilé onítáyà bẹ́ẹ̀ ń lò. Wọn yóò jó.

Nítorí náà, ẹ ra méjì péré, kí wọ́n jẹ́ orúkọ kan, ìwọ̀n kan, ọjọ́ kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún ínfátà tàbí sóólà. Ẹ má ra bátìrì tí wọ́n fi ń ta mọ́tò: àwo inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, gbígbé fíríìjì di àárọ̀ yóò tètè pa á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so bátìrì líthíọ́ọ̀mù, tí kì í ṣe irú kan náà, mọ́ ti òjé. Kí wọ́n ṣáàjì ọ̀kọ̀ọ̀kan kún kí wọ́n tó so wọ́n ní párálẹ́lì, kí ìyàtọ̀ fóltì wọn má sì ju 0.1 lọ.

Wáyà wá kàn. Bí ínfátà yín kò bá ju wáàtì 1,000 lọ, 1,000 tí a bá fi 12 pín yóò fún wa ní áḿpù 83, bí bátìrì bá sì ti ń rẹ̀, yóò sún mọ́ 100. Fún èyí, wáyà bàbà gidi oní-35 mm² tí kò gùn ju mítà méjì lọ yóò tó. Kí gígùn àwọn tó so bátìrì pọ̀ dọ́gba. Kí pósítíìfù tó ń lọ sí ínfátà jáde láti ara bátìrì kìíní, kí nẹ́gátíìfù sì jáde láti ara èkejì, kí iṣẹ́ má baà dá kọ́ ọ̀kan lọ́rùn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni fíùsì tí wọn kì í fi sí i. Ó yẹ kí fíùsì áḿpù 125 wà lára pósítíìfù bátìrì kọ̀ọ̀kan, kí ó má jìnnà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ sí orí bátìrì náà, èyíinì ni ibi tí wáyà ti ń kàn án, nítorí kò sí ohun kankan tó ń dáàbò bo wáyà tó wà láàárín fíùsì àti bátìrì. Ọ̀pọ̀ rò pé fóltì 12 kò lè ṣe nǹkan. Òótọ́ ni pé kò ní gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n bí orí méjèèjì bá kan ara wọn, áḿpù tó lé ní 1,000 lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Spánà 13 kan wà lórí tábìlì mi tó já bọ́ sáàárín orí méjì lọ́wọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́: ẹnu rẹ̀ ti yọ́ dà nù, ojú ibi tó jó sì dúdú títí di òní. Kí ẹni tí yóò bá yín ṣe é fi téèpù wé spánà rẹ̀, kí ó bọ́ òrùka ọwọ́, kí ó sì kọ́kọ́ tú nẹ́gátíìfù.

Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi ni, kí ó wà nínú àpótí tó ní ọ̀pá tó gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ síta, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tú nígbà tí wọ́n bá ń ṣáàjì rẹ̀ lè bú gbàù, inú ilé náà lẹ sì ń sùn. Kí gáàsì ìdáná má bá a gbé àpótí kan. Kí wọ́n dì í mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ mọ bí ọ̀nà wa ti rí.

N kò tíì fojú rí ọkọ̀ yín, ohun tí mo kọ yìí kò sì lè dípò ẹni tó mọṣẹ́ tó wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú àtijọ́ méjèèjì kúrò lára ara wọn, kí wọ́n ṣáàjì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìfi ṣe nǹkan kan. Èyí tí kò bá ka 12.4 ti kú, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra òjé. Èyí tó bá kà á, ẹ fi tan gílóòbù kan nílé Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́tọ̀, kí ó má tún dé ẹ̀gbẹ́ tuntun.