Ṣé Màmá Tó Ń Lọ Mẹ́kà Lè Gba Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ọ̀fìnkìn?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àfáà wa. Kàbbà ni mo wà. Màmá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń lọ Mẹ́kà lọ́dún yìí. Dókítà ní kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn pẹ̀lú ti lọ́rùnlọ́rùn. Àfáà kan wá ń wàásù pé ẹni tó bá gbà á ti ba ìgbáralé Ọlọ́hun rẹ̀ jẹ́, pé májèlé ni, torí òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n pe àwọn tó ń ṣe é lẹ́jọ́. Ó ta tíírà fún màmá dípò rẹ̀. Ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullah. Ẹ jẹ́ kí màmá gba abẹ́rẹ́ náà. Kò sí aburú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbáralé kò gùn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí oní-ràkúnmí so ó mọ́lẹ̀, kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Ó tún sọ pé ẹni tó bá fi dàbínù Ajwa méje jí, májèlé àti èèdì kò ní ṣe é lọ́jọ́ náà. Ṣé àìsàn ti mú onítọ̀hún kó tó jẹ ẹ́ ni? Ìdènà ni. Hádíìsì yìí ni Shaykh Ibn Baz, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn ní Saudi, fi gbé e lẹ́sẹ̀ pé kò sí láìfí nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ti òfin Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ dúró lé, torí òótọ́ díẹ̀ ni wọ́n lú mọ́ irọ́ púpọ̀. 1986 ni wọ́n ṣe òfin náà, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn kún un ní 2005. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ṣe ní jàǹbá yóò kọ́kọ́ lọ síbi àpò owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Sẹ́ǹtì 75 ló ń wọ inú àpò náà lórí abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn kọ̀ọ̀kan. Kò pọn dandan kí ẹni tó fara pa fi hàn pé ẹnì kan ṣe àṣìṣe kó tó gba owó. Bí ilé iṣẹ́ bá sì ba oògùn jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pò ó, ilé ẹjọ́ ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. Owó ìtánràn wà, ẹni tó ń san án wà. Níbo wá ni májèlé ti wọ̀ ọ́?

Àwa Mùsùlùmí gan-an ló yẹ kó tètè yé. Ànábì sọ pé ẹni tó bá ṣe ìwòsàn tí a kò mọ̀ ọ́n mọ ìwòsàn tẹ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni gbèsè jàǹbá wà. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú un pé oníṣègùn tó mọṣẹ́, tó gba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn, tí kò sì kọjá ààlà, kò ní san nǹkan kan bí ara bá kọ oògùn. Kò sẹ́ni tó ní oògùn rẹ̀ di májèlé nítorí ìyẹn. Ẹni tí hádíìsì náà ń bá wí ni ẹni tó gun mùńbárì, tó ń ṣe dókítà tí kò kọ́.

N kò ní sọ pé jàǹbá kò sí. Ní 1976, Amẹ́ríkà gún bíi mílíọ̀nù 45 èèyàn ní abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn ẹlẹ́dẹ̀. Bí ẹnì kan nínú 100,000 ni àìsàn tó ń mú iṣan rọ bá, wọ́n sì dá ètò náà dúró. A ò sì gbàgbé Kano ní 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn wò lára àwọn ọmọ tí lọ́rùnlọ́rùn ń ṣe, tí 11 nínú wọn kú. Oògùn ìwòsàn nìyẹn, kì í ṣe àjẹsára. Wọ́n sì pe Pfizer lẹ́jọ́ títí ó fi gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là ní 2009. Ẹ má bínú sí màmá pé ẹ̀rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tó ń lọ sáàárín èrò ní Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà, ọ̀fìnkìn gan-an ni kí wọ́n bẹ̀rù, torí ó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró arúgbó.

Èyí tí wọ́n ń gún sí apá ni kí ẹ bèèrè. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú ní èròjà ara ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Ẹ fi í sílẹ̀. Kí wọ́n gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, ṣáájú ìrìn àjò, kí ara lè ráàyè múra.

Tíírà ló dùn mí jù. Mo mọ irú rẹ̀: awọ tí wọ́n rán pa, tí òógùn ọrùn ti mú dúdú. Ẹni tó ní abẹ́rẹ́ ba ìgbáralé Ọlọ́hun jẹ́ ló so ìyẹn mọ́ màmá lọ́rùn, tó tún gbowó! Ànábì ní ẹni tó bá so tíírà ti ṣẹbọ. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bá màmá sọ ọ́. Ẹ má fipá já a. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tú u, kí ẹ tó mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́.